Òórùn kọ́bọ́ọ̀dù tuntun

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Káfíńtà ni mí, ó sì ti lé ní 20 ọdún. Òórùn kọ́bọ́ọ̀dù tuntun tó ń ta yín lójú yẹn, ẹ má pè é ní òórùn ọ̀tun. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ di pákó ló ń tú formaldehyde, afẹ́fẹ́ olóró kan, jáde; láti ọdún 2004 ni IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Bí ilé bá ṣe ń gbóná tó ló ṣe ń tú u tó.

Ojú ibi tí ayùn ti gé pákó ló burú jù. Èmi máa ń lẹ gbogbo etí rẹ̀ pa, títí kan ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri. (Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe é, oníbàárà ò kúkú ní rí i.) Ẹ yẹ tiyín wò. Lọ́fínńdà kọ́ ló kàn. Ẹ ṣí fèrèsé.

Èmi ni tiyín,
Káfíńtà kan