Omi Ni Kí O Kọ́kọ́ Ṣọ́, Àkànkẹ́

Ìkìrun

Àkànkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ṣé ara le? Ata àti tòmátì Ọjà Ọba tí o ní ìdajì rẹ̀ ti jẹrà kí ọ̀sẹ̀ tó parí dùn mí gan-an. Gbogbo nǹkan lẹ ń fowó rà ní Òṣogbo níbẹ̀, torí náà fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Omi ló ń ba oúnjẹ jẹ́ jù. Tòmátì tó bá fara gbọgbẹ́ á máa ṣomi, á sì ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá ti ọjà dé, tú gbogbo rẹ̀ sórí àtẹ, ṣa èyí tó ti ń rọ̀ fún ọbẹ̀ ọjọ́ náà. Má fọ ìyókù títí wàá fi lò ó. Tó bá pọ̀, lọ̀ ọ́, gbé e kaná láìsí òróró. Fi ṣíbí fa ìlà nísàlẹ̀ ìkòkò: bí omi bá ṣàn padà bo ìlà náà, kò tíì gbẹ. Tó bá ti gbẹ, jẹ́ kó tutù, kí o dì í sínú ọ̀rá, ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀rá kan, kí o sì kó o sí fìríìsà. Má kó o sínú ike ńlá kan ṣoṣo, torí yíyọ́ àti dídì lemọ́lemọ́ ló máa ń bà á jẹ́.

Ní ti iná tó ń lọ, fìríìsà tó kún lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 48 bí ẹ ò bá ṣí i. Èyí tó kún dé ìdajì, bíi 24. Fi ike omi dí àyè tó ṣófo, ṣùgbọ́n má rọ ọ́ dẹ́nu, torí omi máa ń fẹ̀ tó bá dì.

Má dé ọbẹ̀ gbígbóná pa. Ooru á di omi lábẹ́ ọmọrí, á máa kán padà sínú rẹ̀. Bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó sì wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé.

Ìrẹsì ni mò ń bẹ̀rù jù. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán. Bí ìrẹsì bá sùn síta, kòkòrò yìí á tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbóná rẹ̀ láàárọ̀ ò sì lè mú un kúrò. Dà á nù, jọ̀ọ́. Kó má baà ṣẹ́kù, agolo mílíìkì kan àbọ̀ tó ẹ̀yin méjèèjì. Bí ẹ ò bá yó, gààrí wà.

Iṣu, tò ó sórí pákó níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kó má fara kanra. Èyí tó bá hù, ṣẹ́ ibi tó hù náà kúrò, torí ara iṣu ló ń jẹ. Má fi ọ̀rá wé ojú ibi tí o gé; fi eérú pa á, kó gbẹ, kí o sì tètè sè é. Èèpo rẹ̀, ewúrẹ́ àwọn onílé yín á jẹ ẹ́.

Ẹ̀wà, kó o sí fìríìsà fún ọjọ́ mẹ́rin, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Tó bá jáde, má tíì ṣí ọ̀rá rẹ̀ títí òtútù ara rẹ̀ á fi lọ, kó má baà lágùn. Lẹ́yìn náà, sá a, kí o wá dà á sínú ike tí ọmọrí rẹ̀ le dáadáa. Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọ ní oògùn kòkòrò fi sí i. Ẹni tí wọ́n bá sè é fún ló ń jẹ oògùn yẹn.

Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, mú ike òfìfo méjì dání. Ẹ̀wà tuntun ti wọlé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.