Ilẹ̀ tó ń yọ jáde nínú òkun

Umeå, Swídìn

Délé ọ̀rẹ́ mi,

O kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi náà le, òtútù nìkan ni kò jẹ́ ká gbádùn.

O bi mí pé irú ibo ni Västerbotten tí mò ń gbé yìí. Ìpínlẹ̀ àtijọ́ ni, létí òkun Bothnia, Finland wà ní òdìkejì omi. Igbó àti odò ńláńlá ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé awọnlẹ̀ ni ọ́, ohun kan wà tí mi ò lè má sọ fún ọ: ilẹ̀ ibí ń ga sí i! Láyé ọjọ́un, yìnyín tó nípọn tó kìlómítà mélòó kan ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yọ́ tán, ní nǹkan bí 10,000 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í nàró bí alárù tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, kò sì tíì nàró tán. Ó ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan ga sí i lọ́dún.

Mo lọ fojú ara mi wò ó ní Ratan, èbúté àtijọ́ kan. Lọ́dún 1749, wọ́n gbẹ́ ìlà sára àpáta síbi tí omi dé. Mo fi ìka tọ ìlà náà; omi ti fi bíi mítà 2 lọ sílẹ̀ sí i. Ká ní ọ̀dọ̀ tiwa ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ á ti dúró síbẹ̀ kí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ìwọ náà, ibo lo máa ri òkúta ààlà sí? Ratan yìí náà ni wọ́n ti bá Rọ́ṣíà jà lóṣù kẹjọ ọdún 1809, ọdún tí Finland bọ́ lọ́wọ́ Swídìn.

Ní Lövånger, ilé onígi kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Ọ̀nà jìn láyé àtijọ́, dandan sì ni ìsìn, ni àwọn ará oko bá kọ́ ilé tí wọ́n á máa sùn sí bí wọ́n bá wá jọ́sìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná ọjà, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń rí ara wọn. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ìwàásù nìkan ló ń gbé wọn wá.

Umeå ní tirẹ̀ jóná lọ́dún 1888, ni wọ́n bá gbin igi birch sí àwọn títì kí iná má baà máa fò láti ilé dé ilé mọ́.

Wàrà líle wọn, tí wọ́n ti ń ṣe ní Burträsk láti 1872, dùn gan-an. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ibí, jọ̀ọ́, fi ẹ̀lùbọ́ rán an. Èmi náà á fi wàrà ránṣẹ́.

Èmi ni tìrẹ,
Káyọ̀dé