Tí ẹ bá fẹ́ kó àwọn ajá Ẹlẹ́yẹlé, ẹ kó wọn tán

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín lórí àwọn ajá àti ológbò tí kò sẹ́ni tó ni wọ́n tó ń pa ẹyẹ létí omi Ẹlẹ́yẹlé, ó ní ká fi wọ́n sílẹ̀, pé ẹranko ló ń jẹ ẹranko, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí o, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ajá tí èèyàn gbé sínú mọ́tò lóru tó lọ já a sílẹ̀ létí omi torí pé kò lè bọ́ ọ mọ́, ṣé Ọlọ́run ló gbé e débẹ̀ ni? Lóòótọ́ èèyàn náà ló dí Odò Ọ̀nà lọ́dún 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu, àmọ́ àwọn ẹyẹ omi, awọ́nrínwọ́n, ahun àti kọ̀ǹkọ̀ tó wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi wá. Ẹ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kùtù, ẹ ya koríko létí omi wò, ẹ máa rí ìyẹ́ tó fọ́n káàkiri, èèpo ẹyin tó ti fọ́, àti ipasẹ̀ ajá nínú ẹrẹ̀ tó lọ tààrà dé ìdí ìtẹ́.

Èmi fara mọ́ ọn kí wọ́n kó wọn. Àmọ́ tí wọn ò bá ní ṣe é tán, kí wọ́n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ jàre.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Lọ́dún 1929 wọ́n kó ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní mink láti Amẹ́ríkà wọ ìlú Ọba, torí awọ onírun tí wọ́n fi ń rán kóòtù, àwọn kan sá lọ, wọ́n sì ń bímọ lẹ́bàá odò. Eku kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbẹ́ ihò sí bèbè odò, tí ọ̀tá bá dé á kó sínú ihò, ó parí, àmọ́ abo mink yìí tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé á tẹ̀ lé e wọlé, á pa tìyá tọmọ. Eku yẹn ti dàwátì ní ọ̀pọ̀ odò ibẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ń dẹ tàkúté fún mink ọjọ́ pẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá pa wọ́n níbí tí wọn ò pa wọ́n lọ́hùn-ún, àwọn tọ̀hún á kàn ṣí wá gba ilé tó ṣófo ni. Ní apá ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, orí pátákó tó ń léfòó lójú omi ni wọ́n ń gbé tàkúté sí, tó bá ti pa dé, á ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó dẹ ẹ́, onítọ̀hún á tètè lọ, tó bá jẹ́ ẹran míì ló kó sí i á tú u sílẹ̀.

Èyí tó wá wù mí jù ni ti coypu, ẹranko àjèjì míì tí wọ́n kó wọ ìlú Ọba, òun jọ ọ̀yà, koríko ló ń jẹ ní tiẹ̀ (kì í ṣe apẹran), ṣùgbọ́n ó ń gbẹ́ bèbè odò títí á fi ya lulẹ̀. Ọdún 1981 ni wọ́n gbé ogun tì í, nígbà tó fi máa di 1989 wọ́n ti pa á run pátápátá. Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá o: wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń gba owó oṣù lórí pípa ẹran ò ní fẹ́ kí ẹran náà tán, ni wọ́n bá ṣèlérí bọ́nọ́ọ̀sì gọbọi fún àwọn tó ń dẹ tàkúté tí wọ́n bá tètè parí ẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ṣe ń pẹ́ sí i ni owó náà á máa dín kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí kọ́ńtíráátọ̀ ṣe ń ṣe títì lọ́dọ̀ wa, mi ò ní tẹnu mọ́ ìyẹn.

Ẹ má sì sọ pé ká ṣì máa wò ó ná. Ẹja ńlá tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ọmọ onílé ni nínú odò Ọya, kò sẹ́ni tó ń bá a jà, àmọ́ láti àwọn ọdún 1950 lọ wọ́n lọ da irú ẹ̀ sínú Lake Victoria, ó sì jẹ oríṣiríṣi ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíì láyé run. Lónìí, òun gan-an ni ará Uganda, Kenya àti Tanzania ń pa tà, wọ́n fi ń jẹun, wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé, ta ló máa wá ní kí wọ́n kó o kúrò?

Ọ̀kan tó ń bà mí lẹ́rù ni pé mo ti ń gbọ́ ládùúgbò pé ká ra ọ̀tápiápiá, ká fi sẹ́ran, ká jù ú fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́ o! Omi tí a ń mu nìyẹn. Ajá tó bá jẹ ẹ́ á kú sínú koríko, àṣá á jẹ òkú ajá, awọ́nrínwọ́n á jẹ ẹ́, àwọn tí a ní à ń dáàbò bò gan-an la máa pa. Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tí Gamalin tí àwọn kan ń dà sódò pẹja ń ṣe, àtẹja ńlá àtọmọ ẹja, gbogbo ẹ̀ ló ń léfòó.

Kéèjì ni kí wọ́n dẹ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, kí àwọn dókítà ẹranko láti Yunifásítì Ìbàdàn wà níbẹ̀. Ajá tó bá ṣeé mú sílé, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, kí wọ́n wá ẹni tó máa gbà á sílé. Èyí tó bá ti ya ẹhànnà, tí kò sẹ́ni tó máa gbà á, kí dókítà fi abẹ́rẹ́ pa á láìjoró, kò dùn mọ́ mi nínú o, àmọ́ ká má tan ara wa. Owó àwọn tó máa dẹ kéèjì, kí wọ́n ṣe é bíi ti coypu yẹn, kí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ dúró di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lu ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tún ká mọ́bi tó ti ń já ajá sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ jíìpù ló gbé e wá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.