Donald Colman ló kọ́kọ́ ṣe dugout, kì í ṣe Everton

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Lórí rédíò lánàá, atọ́kùn ètò eré ìdárayá kan ní Everton, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní England, ló kọ́kọ́ ṣe dugout, ibi tí kóòṣì àtàwọn tó ń dúró de ìpààrọ̀ máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn, àwọn tó wà pẹ̀lú ẹ̀ sì ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ o! Donald Colman ni, ọmọ Scotland, difẹ́ńdà, ìyẹn ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn, fún ẹgbẹ́ Aberdeen níbẹ̀. Pittodrie, pápá Aberdeen, ló ti kọ́kọ́ ṣe é, Everton wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n rí i, ó wù wọ́n, wọ́n lọ ṣe tiwọn, bó ṣe wọ England nìyẹn kó tó kárí ayé. A kì í gba àkàkà lọ́wọ́ akítì.

Renton ni wọ́n ti bí ọkùnrin yìí lọ́dún 1878, Donald Cunningham lorúkọ ẹ̀ gan-an, bàbá ẹ̀ ni ò fẹ́ bọ́ọ̀lù sétí, ló bá ń fi orúkọ ìyá ẹ̀ àgbà gbá a. Ọdún 1907 tí Motherwell jọ̀wọ́ ẹ̀ ni Aberdeen mú un, ó di balógun ikọ̀ wọn, òun àti Jock Hume jọ ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ní sáà 1910 sí 1911 Rangers nìkan ló ṣíwájú wọn ní líìgì. Ìgbà yẹn ni Scotland ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pè é, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ìgbà mẹ́rin péré ló sì gbá a fún wọn. Mẹ́rin! Torí pé ẹ̀yìn ló ń gbá.

Nígbà tó wá padà sí Aberdeen láti máa kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ wọn ló máa ń wò, bí wọ́n ṣe ń gbé e, bí wọ́n ṣe ń yí i, ló ṣe gbẹ́ ilẹ̀ wọlé díẹ̀ kójú ẹ̀ lè bá ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, ó fi òrùlé sí i kójò má ba ìwé tó ń kọ nǹkan sí jẹ́. Difẹ́ńdà ló lè ronú bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ní Everton ni!

Àwọn ọ̀gá tó ń darí bọ́ọ̀lù náà ò ṣe dáadáa, àwọn tó ń gbá góòlù wọlé nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yẹ́ sí.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí gbogbo ètò bọ́ọ̀lù lórí rédíò wa máa ya ìṣẹ́jú márùn-ún sọ́tọ̀ fáwọn tó gbá ẹ̀yìn láyé àtijọ́, kó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ètò o, kì í ṣe ìparí tí àkókò ti tán. Kí wọ́n fi Colman bẹ̀rẹ̀, kó kan Alex Raisbeck tó jẹ́ balógun Liverpool nígbà tí wọ́n gba líìgì lọ́dún 1901 àti 1906, ọmọ Scotland lòun náà, lẹ́yìn náà kí wọ́n bi àwọn ọmọdé ní ìbéèrè lórí fóònù, ẹni tó bá gbà á kí wọ́n fún un ní bọ́ọ̀lù. Káwọn ọ̀gá bọ́ọ̀lù náà fi àmì ẹ̀yẹ kan sọ orúkọ Colman. Kí atọ́kùn yẹn sì tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe lórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín, n'Ìbàdàn.