Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyá ọmọ

Gàá Akànbí,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òtútù Leeds kò dà yín láàmú jù? Gbogbo wa nílé ń bẹ, Alihamudulilahi. Mo rí Màmá níbi ìkómọ tí a lọ ṣe ní Ọ̀ffà. Ara wọn le, wọ́n sì ní kí n kí ọ dáadáa.

Mo gba iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní àwọn ọ̀gá rẹ fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí ọmọ kékeré ṣe ń dàgbà, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bi àwọn ìdílé tó ní ọmọ àkàndá lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Inú mi dùn pé wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó tẹ fọ́ọ̀mù wọn jáde. Ohun tí ojú mi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo máa sọ fún ọ, ibì kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ máa já sí: kí wọ́n má kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ẹni tó ń gbé ọmọ náà láti àárọ̀ di alẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì.

Ọjọ́ Sátidé ni a máa ń tẹ́ ẹní sínú kíláàsì kan, tí àwọn ìyá á sì máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ti Àdétà wá, wọ́n ń ti Amílẹ́gbẹ́ wá, àwọn kan ń ti Àjàṣẹ́-Ìpo wọ mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ ọdún márùn-ún, ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí, nítorí kò lè dá rìn. Ọlọ́kadà ò fẹ́ gbé wọn. Onímàrúwá á ní kí ìyá sanwó ènìyàn méjì. Kí ìyá náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yìn ti ń ro ó, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ sì ti wò ó, wọ́n ti tún un wò. Òun fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń fún lómi.

Ìtàn wọn jọra. Ọmọ kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tó di oṣù mẹ́jọ, ọrùn rẹ̀ kò dúró. Ìyá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó ní ẹ wo ọmọ mi, wọ́n ní kó mú sùúrù, pé ọkùnrin ni, yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí bàbá ní ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ aáfà. Àwọn ẹbí ìyá ní ẹ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ọmọ á pé ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fi han ìyá bó ṣe yẹ kó gbé e jókòó. Àbẹ̀kẹ́, sùúrù yẹn ń dùn mí. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọpọlọ àgbàlagbà péré ni ọpọlọ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àmọ́ kó tó pé ọdún méjì, ó ti tó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú orí ọmọ gan-an ni a ní kí ìyá rẹ̀ lọ jókòó máa retí.

Àwọn mìíràn kò dúró de pé ọmọ á bá ẹgbẹ́ rẹ̀, orúkọ àìsàn ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n á ní ìgbà tí dókítà àgbà bá ti sọ ohun tó ń ṣe ọmọ ni àwọn á tó mọ ohun tí àwọn máa ṣe. Dókítà àgbà kò sì pọ̀, owó àyẹ̀wò kò kéré. Mo fẹ́ kí dókítà yẹ ọmọ wò, mo sì ń bẹ wọ́n kí wọ́n lọ, nítorí bí gìrì bá ń mú ọmọ, oògùn ló máa lò, bí etí ni, kí wọ́n tètè mọ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń gbé ọmọ jókòó, bí a ṣe ń fún un lóúnjẹ, bí a ṣe ń bá a ṣeré, kò sí èyí tó ní láti dúró de orúkọ kankan.

Ti oúnjẹ yìí ni kí n dúró lé lórí díẹ̀. O rántí bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ nílé wa: wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu, wọ́n á máa da ẹ̀kọ sí i lọ́fun. Bí ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ kò le dáadáa bá gba irú ìrọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ ń bá lọ. Ọmọ á máa húkọ́, àyà rẹ̀ á máa dún, wọ́n á sì máa pè é ní òtútù àyà tí kì í lọ. Ohun tí a ń fi hàn wọ́n kò le: gbé ọmọ dìde, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ṣíbí kékeré, oúnjẹ tó ki díẹ̀ dípò èyí tó ṣàn, kí o dúró títí yóò fi gbé mì kó o tó fún un ní òmíràn. Ó ń gba àkókò gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta míì, tó ń ta tòmátì ní Ìpàtà, níbo ni yóò ti rí àkókò yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́? Bí fọ́ọ̀mù àwọn ọ̀gá rẹ bá béèrè bóyá ọmọ tóbi tó ọjọ́ orí rẹ̀, tí kò béèrè ẹni tó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà oúnjẹ, ìwọ̀n ọmọ ni wọ́n máa rí, wọn ò ní mọ ìdí rẹ̀.

Mo ka nípa iṣẹ́ tí Sally Grantham-McGregor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Kingston, ní Jàmáíkà, láti ọdún 1986 sí 1987 lọ. Àwọn ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti mú kí wọ́n kúrú ni wọ́n mú. Òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, kì í ṣe dókítà, ló ń lọ sílé wọn fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún méjì, tó ń fi han ìyá bí a ṣe ń bá ọmọ ṣeré pẹ̀lú ohun ìṣeré tí wọ́n fi nǹkan ilé ṣe. Nígbà tí àwọn ọmọ náà di ẹni ọdún bíi 22, owó tó ń wọlé fún wọn fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti àwọn tí wọn kò bẹ̀ wò báyẹn lọ. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe àkàndá, mo mọ̀. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé ọwọ́ ìyá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé.

Àwa náà ní irú eré yẹn nílẹ̀. Bí ìyá àgbà bá ń wẹ ọmọ, oríkì ni wọ́n ń kì, wọ́n ń na apá, wọ́n ń na ẹsẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ rìn, gbogbo agbo ilé ló ń pa àtẹ́wọ́ tẹ́ẹ̀tẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ọmọ tí kò bá rẹ́rìn-ín padà, tí kò yí ojú síni, kì í pẹ́ tí ilé fi ń dákẹ́ fún un. Ẹnikẹ́ni kò ní in lọ́kàn láti fìyà jẹ ẹ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, kò dáhùn, ó sú wọn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó nílò ọ̀rọ̀ jù lọ ló wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kéré jù lọ. Iṣẹ́ wa tó gba sùúrù jù ni kí a jókòó ti ìyá kí a jọ máa wá ibi tí ìdáhùn wà. Ìyá àgbà kan láti Àdétà gbé ọmọ-ọmọ wọn wá, wọ́n ní kò mọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n kì í. Wọ́n ní “Àjàní, ọkọ mi,” ọmọ ò yíjú, àmọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí. Mo ní kí wọ́n dánu dúró, kí wọ́n tún kì í. Ẹsẹ̀ náà tún ṣí. Ìyá àgbà pariwo, wọ́n ní “Ó ń gbọ́ mi!” Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbà kí ẹlòmíràn wẹ ọmọ náà mọ́.

Kí o má baà rò pé mo ń bá àwọn oníwàádìí jà, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fẹ́ràn. Ibà pọ́njú tó ń mú ọmọ tuntun, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ndíìsì, wà lára ohun tó ń sọ ọmọ wa di ẹni tí kò gbọ́rọ̀ tàbí tí kò lè rìn, bó bá wọ inú ọpọlọ. Àìtètè gba ìtọ́jú ń dá kún un, kánfọ̀ tí a ń kó sínú aṣọ ọmọ náà ń dá kún un, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan jẹ́. Iná mànàmáná tí a máa fi tan ẹ̀rọ ìtọ́jú rẹ̀ kò dúró lójú kan. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nítòsí wa níhìn-ín, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, wọ́n ṣe àtíbàbà tí wọ́n fi ọ̀rá pàtàkì bò, ọ̀rá tó ń sẹ́ èyí tó lè jó ọmọ kúrò nínú oòrùn, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó ń wo àrùn náà kọjá. Wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: iṣẹ́ rẹ̀ kò rẹ̀yìn sí ti ẹ̀rọ oníná. Oòrùn àárọ̀ lásán tí a ń tẹ́ ọmọ sí nílé kò jọ ọ́ rárá, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá títí ó fi ń sú wọn. Dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà wà nínú irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní Èkó. Dókítà yìí kan náà ló ṣáájú ìṣirò kan tó jáde ní ọdún 2018, pé bíi mílíọ̀nù 53 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló ní ìpèníjà ìdàgbàsókè kárí ayé ní ọdún 2016. Iye náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà láti 1990, nígbà tí ikú ọmọdé ti lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. A ti ń gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ikú, a kò tíì mọ bí a ṣe máa dúró tì wọ́n.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú. Ètò kan tó ń jẹ́ Hambisela ní Gúúsù Áfíríkà ṣe ẹ̀kọ́ fún òbí àwọn ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè darí ara rẹ̀ dáadáa, àwọn ará London School of Hygiene and Tropical Medicine sì tún un ṣe fún àwọn ìyá ní Bangladesh, pé kí wọ́n máa kóra jọ kọ́ ara wọn. Nílé wa níhìn-ín, òfin tó ní kí a má ṣe dẹ́yẹ sí àkàndá ti wà láti January 2019. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ onímàrúwá.

Nítorí náà, bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n béèrè bóyá ìyá ń rí oorun sùn. Ta ló ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá fẹ́ kírun? Ṣé ó ṣì ń tajà? Ṣé bàbá ọmọ ṣì ń gbé ilé? Àǹtí ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́wàá, ṣé ó ń lọ sílé ìwé àbí òun ló ń ṣọ́ ọ? Kí wọ́n san owó ọkọ̀ fún ẹni tí wọ́n bá pè. Ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n mú un padà wá ní Yorùbá, kí wọ́n sọ ọ́ lójú àwọn ìyá náà, nítorí àwọn kan ti wá wọn ọmọ lọ rí tí a kò gbúròó wọn mọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ wá, Sátidé ló dára jù. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n bá wa jókòó sórí ẹní. Kàfíńtà kan ní Tánkẹ̀ ń bá wa kan àga onígun fún àwọn tí kò lè dá jókòó, pákó sì ti gbówó lórí, nítorí náà bí o bá mọ ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìyẹn, fi tó mi létí kí oṣù tó parí.

Kí ọkọ rẹ fún mi, kí o sì fi ẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́.