Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n fi jọ̀gá ìdí ìléru l'Ódógunyàn

Àbúrò mi àtàtà,

O kú oríire ipò tuntun. Wọ́n á fún ọ ní ọ́fíìsì tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ spectrometer, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú irin, ṣùgbọ́n ìdí òkìtì kọ́ńdẹ́mù ni iṣẹ́ rẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìléru oníná mànàmáná tẹ́ ẹ ń lò yẹn, yíyọ́ ló ń yọ́ irin, kì í fọ̀ ọ́ mọ́. Ohun tó bá bá kọ́ńdẹ́mù wọlé lo máa bá nínú billet, ọ̀pá irin tẹ́ ẹ máa fi rọ́là tẹ̀.

Bàbà ni kó o kọ́kọ́ ṣọ́. Wáyà tí wọn ò tú kúrò lára mọ́tò àti alternator ló ń gbé e wọlé. Kìlógíráàmù 10 péré nínú irin tọ́ọ̀nù 5, 0.20% nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dá billet padà sínú iná kẹ́ ẹ tó fi rọ́là tẹ̀ ẹ́, irin ojú rẹ̀ á máa jóná di èépá, bàbà ò sì ní bá a jóná. Á kó jọ sábẹ́ èépá yẹn, á yọ́ ní 1,085°C, á wọ àárín hóró irin lọ. Bí rọ́là bá ti kàn án báyìí, ojú rẹ̀ á sán wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Kò sí oògùn tó o lè dà sí i tó máa yọ bàbà. Bí àyẹ̀wò bá gbé 0.40% jáde, bu ìdajì irin yíyọ́ náà dà sínú móòdù, kó o fi kọ́ńdẹ́mù tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Á bọ́ sí nǹkan bíi 0.20%. Àwọn ará àkáǹtì á kùn. Jẹ́ kí wọ́n kùn.

Kábọ́ọ̀nù ò le tó bẹ́ẹ̀. Bó bá wà ní 0.20%, tó o sì ń wá 0.25% nínú tọ́ọ̀nù 5, kìlógíráàmù 2.5 ló kù; wọn 3 sí i, torí díẹ̀ á jóná.

Ibi tí èsì ti sábà máa ń ṣini lọ́nà ni sáńpù, ìyẹn irin díẹ̀ tó o máa bù fún àyẹ̀wò. Kí gbogbo irin náà yọ́ tán, kó o gbọ́n ìdàrọ́ ojú rẹ̀ kúrò, kó o tó bù ú. Lọ ojú sáńpù náà kó dán, má sì fọwọ́ kàn án mọ́: òróró ọwọ́ á bu kábọ́ọ̀nù kún èsì. Yẹ̀ ẹ́ wò lójú ibi mẹ́ta. Bí èsì bá jìnnà síra, bóyá ihò ló wà níbẹ̀. Lọ ọ́ tún.

Sílíńdà gáàsì, ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, páìpù tí ẹnu rẹ̀ dí, ẹ gé wọn ṣí kí wọ́n tó dé ìdí iná. Omi tó bá há sínú wọn á di ooru lójijì, á sì fọ́n irin yíyọ́ sí àwọn ọmọ iṣẹ́ lára. O mọ òjò Ìkòròdú: kọ́ńdẹ́mù tí òjò bá ti pa, inú ìléru òfìfo ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe orí irin tó ti yọ́.

Bí iná bá lọ, omi tó ń tu kọ́ìlì tó yí ìléru ká lára ò gbọdọ̀ dúró, torí ooru irin yíyọ́ ṣì ń lu kọ́ìlì náà. Kí pọ́ǹpù omi ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì máa tan án wò kí ṣíìfù kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.