Sí Àdùkẹ́, nípa ológbò rẹ tó ń bì

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ológbò rẹ kì í jẹun tán kó má bì, o sì ń béèrè oògùn tí wàá rà. Má tíì ra nǹkan kan. Kọ́kọ́ wo bí oúnjẹ náà ṣe ń jáde.

Bó bá jẹ́ pé kò pẹ́ tó jẹun tán ló kàn tẹrí ba, tí oúnjẹ yọ́ jáde gbọọrọ, tí wóró inú rẹ̀ ò tíì rọ̀, ó ṣeé ṣe kó má tíì dé ikùn rárá. Èébì gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Ológbò á máa lá ẹnu, itọ́ á máa dà, ikùn rẹ̀ á máa sún wọlé sún jáde kí nǹkan tó bọ́, ohun tó bọ́ ọ̀hún á sì ti rọ̀, nígbà mìíràn tòun ti omi òróòro. Fi fóònù ká a sílẹ̀. Fídíò yẹn á wúlò fún dókítà ẹranko ju àlàyé ẹnu lọ.

Jíjẹ wàdùwàdù ló sábà máa ń fa irú àkọ́kọ́, pàápàá bí ológbò méjì bá ń bá ara wọn du abọ́. Yà wọ́n sọ́tọ̀. Pín oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà 4 tàbí 5, má fi kún un o. Da oúnjẹ gbígbẹ sórí àwo pẹrẹsẹ tó fẹ̀, kí wóró kan má gun orí èkejì, kó lè máa ṣa á jẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ oúnjẹ tútù, fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ́ ẹ mọ́ àwo.

Àbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ni? Ọjọ́ 7 sí 10 ló yẹ kí ìyẹn gbà: ìdá kan nínú mẹ́rin tuntun, lẹ́yìn náà ìdajì, lẹ́yìn náà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó tó wá di odidi. Wàrà ńkọ́? Dá a dúró; ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ni ikùn wọn ò gbà á. Bó bá jẹ́ irun ló ń bì, máa ya irun ara rẹ̀ déédéé.

Má febi pa á kí ikùn rẹ̀ lè sinmi. Ológbò tí kò jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, àgàgà èyí tó sanra, ọ̀rá lè kó sí i lẹ́dọ̀. Má sì fún un ní parasítámọ́ọ̀lù láé, ó ń pa ológbò. Bó o bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí nídìí rẹ̀, má fà á, ó lè gé ìfun. Dókítà ni kó yọ ọ́.

Bó bá bì léraléra lọ́jọ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tí omi pàápàá ò dúró, tàbí tó jẹ òdòdó lílì, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó o gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ológbò tó ti dàgbà, tó ń jẹun dáadáa síbẹ̀ tó ń rù, ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún kíndìnrín àti tàírọ́ọ̀dù, ìyẹn ẹ̀yà ara kan tó wà lọ́rùn.

Títí dìgbà náà, máa kọ aago tó jẹun àti aago tó bì sílẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbé e mọ́ra gun òṣùwọ̀n, kó o yọ ìwọ̀n tìrẹ kúrò. Fi ohun tó o bá rí ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí